Ìjà ìpàdé káńsù kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi ariwo

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn olùdìbò ìlú Croydon ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, jókòó sí ìpàdé ọdọọdún wọn lórí owó ilé ẹ̀kọ́. Gbogbo ará ìlú náà kò ju nǹkan bí 800 lọ. Bọ́jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbé síwájú wọn tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.7 dọ́là. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń darí ìlú náà dìde, ó dábàá pé kí wọ́n gé e wá sí 800,000 dọ́là. Wọ́n sọ̀rọ̀ sí i, wọ́n dìbò. Ogún ènìyàn gbà, mẹ́rìnlá kò gbà. Bí ènìyàn 34 ṣe jókòó tí owó ilé ẹ̀kọ́ ìlú fi dín ju ìdajì lọ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó rú òfin kankan.

Nígbà tí ìròyìn kan àwọn tí kò wá lára, ìlú gbóná. Àwọn òbí tí wọ́n ti rò pé kò sí nǹkan tuntun nínú ìpàdé bọ́jẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìwé òfin. Wọ́n rí i pé òfin ìpínlẹ̀ náà gbà wọ́n láyè láti pe ìpàdé pàtàkì kí wọ́n lè tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, àmọ́ ó kéré tán, ìdajì gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí ìpinnu wọn tó lè dúró. Ìyẹn jẹ́ ènìyàn 283. Àwọn kan lára àwọn tí gígé owó náà tẹ́ lọ́rùn ní kí ẹlẹgbẹ́ wọn jókòó sílé jẹ́ẹ́, torí pé bí iye ò bá pé, ìpàdé ò sí. Nígbà tó di ọjọ́ keje oṣù Karùn-ún, ènìyàn 379 ló yọjú. 377 nínú wọn ní kí wọ́n dá owó náà padà. Ènìyàn méjì péré ló kọ̀.

Láàárín ìpàdé méjèèjì, kì í ṣe pé ẹnìkan rí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n tuntun sọ tí ọkàn gbogbo ènìyàn fi yí padà. Iye àwọn tó jókòó nínú gbọ̀ngàn ló yí padà. Ìdí tí mo fi fi ìtàn yìí ṣáájú ni pé fídíò ìjà ìpàdé káńsù ló máa ń tàn ká lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A ó rí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń na ìka sí ojú ara wọn, a ó rẹ́rìn-ín, a ó ní ìwà wọn ló bàjẹ́. Ó lè bàjẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjà yìí á rí i pé ìdí wọn wà nínú àwọn nǹkan tí kò sẹ́ni tó ń ya fídíò wọn: ta ló pe ìpàdé, kí ni wọ́n kọ sínú ìwé ìkéde, ènìyàn mélòó ló wá, ta ló sì láṣẹ láti ní kí ẹlòmíràn dákẹ́.

Ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri

Ìpàdé tí wọn kò kéde bó ṣe yẹ lè di òfo lójú òfin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí káńsù abúlé àti ti ìlú kéékèèké ti tó nǹkan bí 10,000, òfin ìjọba ìbílẹ̀ ọdún 1972 ní kí ìkéde jáde ní ọjọ́ mẹ́ta gbáko ṣáájú, láìka ọjọ́ tí ìkéde jáde àti ọjọ́ ìpàdé gan-an mọ́ ọn. Ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn káńsílọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ dín sí mẹ́ta, bó ti wù kí káńsù náà kéré tó. Káńsílọ̀ tí kò bá yọjú sí ìpàdé kankan fún odindi oṣù mẹ́fà, tí káńsù kò sì fọwọ́ sí àwáwí rẹ̀, ti sọ ipò rẹ̀ nù nìyẹn. Ní ìpínlẹ̀ California, òfin tí wọ́n ń pè ní Brown Act, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1953, ní kí àjẹ́ńdà ìpàdé wà níta gbangba fún wákàtí 72 kí ìpàdé tó wáyé. Ohun tí kò bá sí nínú àjẹ́ńdà náà, yàtọ̀ sí àwọn ohun pàjáwìrì díẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ ṣe ìpinnu lé e lórí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wo àjẹ́ńdà bí ìwé tí akọ̀wé kàn tẹ̀ jáde kí ìpàdé má bàa dàrú. Ẹni tó bá ti jókòó sí káńsù rí mọ̀ pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé “àtúnṣe sí ojú ọ̀nà,” oníṣọ̀ọ̀bù tó wà lójú ọ̀nà náà ò ní fura pé ibi tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gbé ọkọ̀ sí ni wọ́n fẹ́ mú kúrò. Ilé rẹ̀ ni yóò wà nígbà tí wọ́n bá dìbò. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá wá dé pẹ̀lú ọ̀dà àti àmì tuntun, ìgbà yẹn ni yóò gba ìpàdé tó tẹ̀ lé e lọ láti lọ pariwo, wọ́n á sì sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ti parí, kò sí nínú àjẹ́ńdà òní. Ohun tó sọ yẹn ò burú, ìgbà tó sọ ọ́ ló ti kọjá. Bákan náà, ẹni tó ń to àjẹ́ńdà lè gbé ọ̀rọ̀ tó gbóná jù sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ó lè bọ́ sí ìgbà tí oorun ti ń kun àwọn èrò.

Àwọn ìlú tí gbogbo olùdìbò ti ń péjọ fúnra wọn yàtọ̀ díẹ̀, torí ẹnikẹ́ni tó bá jókòó lè dìde kó ní kí wọ́n yí àbá padà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Croydon nìyẹn. Ó ṣẹlẹ̀ ní Glarus náà, ní Switzerland, lóṣù Karùn-ún ọdún 2006. Ìpàdé ìta gbangba ni wọ́n fi ń ṣe òfin níbẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n sì ń nà sókè láti dìbò. Ìjọba agbègbè náà dábàá pé kí wọ́n da àwọn ìlú 25 tó wà níbẹ̀ pọ̀ di mẹ́wàá. Ará ìlú kan dìde, ó ní kí wọ́n kúkú sọ wọ́n di mẹ́ta. Àbá tí ìjọba gan-an ò mú wá ló sì wọlé! Àwọn tí inú bí pe ìpàdé pàtàkì lọ́dún tó tẹ̀ lé e kí wọ́n lè yí i padà, àmọ́ àwọn ènìyàn tún dìbò pé mẹ́ta náà ni àwọn ń fẹ́. Láti ọdún 2011, ìlú mẹ́ta ló wà ní Glarus. Irú ọ̀nà kan náà tó gbé Croydon dé bèbè wàhálà ló gbé àwọn yìí dé ibi tí wọ́n ń lọ.

“O ò láṣẹ kankan níbí”

Ìjà tó wáyé ní Handforth ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, ìlú kékeré kan ní Cheshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àkókò àrùn Kòrónà ni, wọ́n sì ti gba káńsù láyè láti máa pàdé lórí Zoom. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn káńsílọ̀ kan pe ìpàdé pàtàkì. Òfin ọdún 1972 gbà pé bí alága bá kọ̀ láti pe ìpàdé pàtàkì fún ọjọ́ méje lẹ́yìn tí káńsílọ̀ méjì ti fọwọ́ sí ìwé pé kó pè é, káńsílọ̀ méjì lè pè é fúnra wọn. Lójú tiwọn, ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn. Lójú alága, ìpàdé náà kò bá òfin mu rárá. Jackie Weaver, ọ̀gá àgbà ẹgbẹ́ àwọn káńsù kéékèèké ní Cheshire, ni wọ́n bẹ̀ pé kó wá bá wọn ṣe akọ̀wé, òun ló sì di ìpàdé náà mú lórí Zoom.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibi tó dé. Alága sọ fún un pé, “O ò láṣẹ kankan níbí, Jackie Weaver.” Weaver tẹ bọ́tìnnì kan, alága pòórá lójú ẹ̀rọ. Igbákejì alága fariga, ó ní òun ló kàn, ó ń pariwo pé kí wọ́n lọ ka ìlànà ìpàdé, kí wọ́n kà á kó yé wọn. Òun náà pòórá. Ọ̀rọ̀ wá di bóò lọ o yà fún mi. Nígbà tí fídíò náà jáde ní oṣù Kejì ọdún 2021, gbogbo ayé rẹ́rìn-ín, Weaver sì di gbajúmọ̀ láàárín ọjọ́ kan.

Ohun tí ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀ ni pé ìbéèrè alága yẹn, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ le tó, ìbéèrè gidi ni. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2022 sọ pé Weaver kò ní àṣẹ òfin láti yọ àwọn ènìyàn yẹn kúrò nínú ìpàdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n gbà pé ohun tó ṣe yéni nítorí bí nǹkan ṣe rí lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ káńsù náà ná ìjọba agbègbè ní owó tó lé ní £80,000, fún káńsù abúlé kan ṣoṣo.

Ta ló wá láṣẹ? Nínú ìlànà tí ọ̀pọ̀ káńsù kéékèèké nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò, alága ló máa kọ́kọ́ kìlọ̀ fún ẹni tó ń da ìpàdé rú. Bí onítọ̀hún kò bá gbọ́, alága tàbí káńsílọ̀ mìíràn lè dábàá pé kí wọ́n mú un jáde, wọ́n á sì dìbò lé e lójú ẹsẹ̀ láìsí àríyànjiyàn. Ìyẹn ni pé àwọn tó wà níjòókòó ló ni agbára. Alága kàn ń bá wọn dì í mú ni. Akọ̀wé, òṣìṣẹ́ ni: ó lè sọ ohun tí òfin wí, ó lè kọ àkọsílẹ̀, kò lè lé ẹnikẹ́ni. Ibi tí ìlànà ti fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ni ìgbà tó bá jẹ́ pé alága fúnra rẹ̀ ló ń da ìpàdé rú, tó sì kọ̀ láti gbà pé ìpàdé ni. Tèmi ni pé wọn ì bá dìbò kí ẹnikẹ́ni tó tẹ bọ́tìnnì. Ì bá gba ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sì ní panilẹ́rìn-ín.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà níbẹ̀ tí kì í jáde nínú àwàdà. Lẹ́yìn tí ìjà bá parí, kí ni wọ́n lè fi ṣe káńsílọ̀ tó hùwà burúkú? Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò tó nǹkan. Òfin ọdún 2011 tí wọ́n ń pè ní Localism Act mú agbára láti dá káńsílọ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀ kúrò. Ohun tó kù ni kí wọ́n bá a wí, kí wọ́n ní kó lọ gba ìdálẹ́kọ̀ọ́, tàbí kí wọ́n yọ ọ́ nínú ìgbìmọ̀ abẹ́lé. Káńsù ìlú Ledbury gbìyànjú láti fi ìlànà ẹ̀sùn òṣìṣẹ́ ti ara wọn fìyà jẹ káńsílọ̀ kan, ṣùgbọ́n lọ́dún 2018 ilé ẹjọ́ gíga sọ pé wọn kò ní agbára yẹn, ọ̀nà tí òfin ọdún 2011 là sílẹ̀ ni kí wọ́n gbà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba èrò àwọn ará ìlú lórí bóyá kí wọ́n dá agbára ìdádúró náà padà.

Ẹnu ará ìlú

Ìjà tó wà láàárín káńsílọ̀ àti káńsílọ̀ ni mo ti ń sọ. Èyí tó wà láàárín àga iwájú àti àga ẹ̀yìn tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Southborough, ìlú kan ní Massachusetts, obìnrin ará ìlú kan dìde sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ará ìlú, ní oṣù Kejìlá ọdún 2018. Ó ní àwọn ìgbìmọ̀ ń náwó jù, ó ní wọ́n sì ti rú òfin tó ní kí ìpàdé wà ní gbangba, èyí tó jẹ́ òótọ́. Wọ́n kìlọ̀ fún un pé kó má máa sọ̀rọ̀ sí àwọn bẹ́ẹ̀. Ó bú ọ̀kan nínú wọn, ó ní kó yé ṣe bíi Hitler. Ẹni yẹn dá ìpàdé dúró, ó sì halẹ̀ pé àwọn á mú un jáde. Ìlànà ìlú náà ní kí ọ̀rọ̀ ará ìlú jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtẹríba, kó má sì ní àfojúdi nínú.

Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, àwọn adájọ́ fagi lé ìlànà yẹn. Òfin ilẹ̀ Massachusetts ti ọdún 1780 ni wọ́n gbé yọ, èyí tó fún àwọn ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti péjọ ní àlàáfíà, kí wọ́n gbèrò lórí ire gbogbo ìlú, kí wọ́n sì bèèrè pé kí wọ́n tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Wọ́n ní kò sí ibi tí òfin yẹn ti ní kí ọ̀rọ̀ dùn létí ìjọba. Ìgbìmọ̀ ṣì lè sọ pé ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ẹnìkan máa sọ, tàbí pé kí ẹnikẹ́ni má gba ọ̀rọ̀ mọ́ ẹlòmíràn lẹ́nu. Ohun tí wọn kò lè ṣe ni kí wọ́n ní kí ènìyàn máa wárí nígbà tó bá ń ṣàríwísí. Èmi gbà pẹ̀lú ìdájọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ojú àwọn alága ti rí màbo láti ìgbà náà. Ìlànà tó dá lórí ìṣẹ́jú rọrùn láti tẹ̀ lé láìṣojúsàájú. Ìlànà tó ní kí ènìyàn bọ̀wọ̀ fúnni, ẹni tí wọ́n ń bú ni yóò máa ṣe adájọ́ rẹ̀.

Ìwé tó yẹ kó jẹ́ ohun kékeré náà lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n. Ní Castle Hills, ìlú kékeré kan ní Texas, wọ́n dìbò yan ìyá àgbà kan sínú káńsù lọ́dún 2019. Kíá ni àwọn ará ìlú ti ń fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n yọ ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìlú náà, ìyá yìí sì wà lẹ́yìn wọn. Lẹ́yìn ìpàdé gbígbóná tó wọ ọjọ́ kejì, wọ́n wá ìwé náà tì, nígbà tó yá wọ́n bá a nínú fáìlì ìyá náà. Ó ní àṣìṣe ni, ó dà á pọ̀ mọ́ ìwé òun ni. Wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án pé ó fi ìwé ìjọba pamọ́. Ẹni ọdún 72 náà lo alẹ́ ọjọ́ kan ní àtìmọ́lé, nígbà tó yá wọ́n pa ẹ̀sùn náà tì. Ó pe ẹjọ́ pé ẹ̀san ni wọ́n ń gbà lára òun. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ ti fún ọ̀nà tí ó lè gbà fi ẹ̀rí hàn pa jù, wọ́n dá ẹjọ́ náà padà.

Kí ló dé tí ìlú kékeré fi ń bá ara rẹ̀ jà tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ káńsílọ̀ wọ̀nyí kì í gba owó oṣù, iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ń ṣe jẹun. Ẹni tó dìbò tako àbá rẹ lálẹ́ àná, òun ni ẹ jọ ń pín ògiri. Owó orí ilé tí ìpàdé fi kún, ẹni tó fi kún un mọ iye rẹ̀ nínú owó ilé tìrẹ. Kò tún sí ẹgbẹ́ òṣèlú tí ènìyàn lè sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, nítorí náà orúkọ ẹni ni wọ́n ń bú. Ọ̀rọ̀ àǹfààní ara ẹni náà wà níbẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, káńsílọ̀ tí ọ̀rọ̀ bá kan àpò rẹ̀ tí kò sì sọ ọ́ lè dáràn níwájú òfin. Ṣùgbọ́n nínú káńsù onígbìmọ̀ méje, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú, ó lè kan márùn-ún nínú wọn. Bí gbogbo wọn bá yẹra, kò ní sí ẹni tó máa dìbò. Òfin náà rí i tẹ́lẹ̀: wọ́n lè fún wọn láyè pàtàkì láti kópa, bí ìyẹra wọn bá máa dá iṣẹ́ dúró.

Ìpinnu púpọ̀ kì í dúró de ìpàdé, ìyẹn sì ni ohun tí mo rò pé ó ń bí àwọn ará ìlú nínú jù. Wọ́n á wọlé, wọ́n á rí i pé àwọn káńsílọ̀ ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ẹnu kan náà ni wọ́n ń sọ. Òfin California tí mo dárúkọ lókè kọ̀ fún wọn pé kí púpọ̀ nínú wọn máa ti ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan sí èkejì títí wọ́n á fi fẹnu kò, ìbáà jẹ́ nípasẹ̀ ẹlòmíràn tàbí lórí fóònù. Gírúùpù orí WhatsApp ti sọ òfin yẹn di iṣẹ́ ńlá.

Àwọn ìlú kan gbìyànjú láti fi ìwé ìbò yanjú ọ̀rọ̀ iye ènìyàn. Láti ọdún 1995, òfin kan ní New Hampshire, SB 2, ti gba àwọn ìlú tó bá fẹ́ láyè láti pín ìpàdé sí méjì: ìpàdé ìjíròrò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, lẹ́yìn náà ìbò ìdákọ́ńkọ́ ní oṣù Kẹta, níbi tí ènìyàn púpọ̀ ti lè wá dìbò láìjókòó pẹ́. Croydon kò sí lára wọn lọ́dún 2022. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé ìjíròrò, àwọn tó wá lè tún àbá kọ kó tó dé orí ìwé ìbò, àwọn tó ń wá kì í sì pọ̀. Nígbà kan, àwọn díẹ̀ á wá, wọ́n á pa gbogbo ọ̀rọ̀ inú àbá kan rẹ́ títí yóò fi di ohun tí kò ní ìtumọ̀ mọ́, òun ni wọ́n á sì tẹ̀ fún gbogbo ìlú kí wọ́n dìbò lé. Wọ́n ṣe òfin mìíràn pé kí ẹnikẹ́ni má pa kókó àbá rẹ́ pátápátá. Iye owó inú rẹ̀ ṣì ṣeé yí padà, nítorí náà àwọn tó bá jókòó ní alẹ́ ìjíròrò, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ 34, ló máa kọ ohun tí àwọn tó kù máa fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn ní oṣù Kẹta.